Ìkìlọ̀: Access point tí wọ́n tà fún mi ní tuntun ti ní ẹni tó ni ín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ ra ráútà fún ilé, tàbí access point (ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara wáyà, tó sì ń tan Wi-Fi káàkiri), kó jọ̀ọ́ ka èyí tán kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin kan lù mí ní jìbìtì ní Computer Village, Ìkẹjà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dùn mí wọ eegun. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ síta ni pé ọjà àkọ́kọ́ tó tà fún mi ti padà sórí àtẹ rẹ̀, ẹlòmíì ló kù tó máa rà á.

Àkóbọ̀ n'Íbàdàn là ń gbé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ráútà wà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀, yàrá ọmọ mi obìnrin wà lókè. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, kọnkéré ni dẹ́kì. Kí Wi-Fi tó là wọ́n kọjá, agbára ti tán lára rẹ̀. Bí ọmọ náà bá wọ kíláàsì JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá gbọ́ gbólóhùn kan, méjì á ti lọ. Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wáyà nẹ́tíwọ́kì ló ń ṣe, ní ká fa wáyà láti ara ráútà gòkè, ká gbé access point sí ẹnu rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mi ò dúró kó tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà.

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, tíà rọ́bà ni." Ohun tí ọkùnrin náà wí nìyẹn. Nǹkan funfun rìbìtì bí àwo ni, náílọ́ọ̀nù wà lára rẹ̀, páálí rẹ̀ ń dán. Ó gbé e síná, iná ara rẹ̀ tàn, mo ka ₦85,000 lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí mo gbé e délé, iná yẹn kàn ń ṣẹ́jú ni, kò dúró. Àbúrò wa gbé fóònù, ó fẹ́ fi orúkọ wa sí i. Ohun tó jáde ni pé serial number rẹ̀ ti wà lórúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn. Ó fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò reset, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná fi kú tó tún tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Ló bá yí i dojú dé, ó fi èékánná ṣí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Lábẹ́ bébà yẹn, ẹnì kan ti fi máákà dúdú kọ "Boardroom 2". Wọ́n ti nù ún, àmọ́ kò parẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibí ni wọ́n ti ń mú wa. Àwọn access point kan wà tó jẹ́ pé ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ni wọ́n ti ń darí rẹ̀, serial number rẹ̀ sì wà nínú àkáǹtì ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Reset ń nu ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó orúkọ tó wà lọ́hùn-ún. Àfi kí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Òmíràn tún ń béèrè láísẹ́ǹsì (àṣẹ ìlò tí wọ́n ń sanwó fún): Meraki ti Cisco, bí àpẹẹrẹ, bí láísẹ́ǹsì rẹ̀ bá tán, iṣẹ́ tán. Bí ọ́fíìsì bá wá kó tiwọn dànù, tàbí tí olè bá kó o, ẹni tó rà á á nu eruku ara rẹ̀, á wé náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà ò bàjẹ́ o. Kò kàn ní ṣiṣẹ́ fún yín láéláé ni.

Mo gbé e padà. Ó ní nẹ́tíwọ́kì ilé mi ni ò dáa, ó tún nawọ́ sí bébà ara ògiri pé owó tó bá ti wọlé ò jáde mọ́. A fà á títí, ó ní kí n fi ₦15,000 kún un, kí n gba repeater (ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi ráútà, tó sì ń tàn án síwájú) oní-áńtẹ́nà mẹ́rin kan, tí wọ́n kọ "Wi-Fi 6" àti "1200Mbps" gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ṣì ní láti wọkọ̀ padà sí Ìbàdàn. Mo gbà.

Irọ́ ni ìyẹn náà. Àmì Wi-Fi kún fọ́fọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n fídíò ń yí ṣáá ni. Nínú ọ̀nà méjì tí irú Wi-Fi yìí ń gbà, 2.4GHz àti 5GHz tó yára jù, 2.4GHz nìkan ló ń gbé jáde, 5GHz ò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, 1200 tí wọ́n ń kọ sára irú ẹ̀rọ yìí, 300 ti 2.4GHz àti 867 ti 5GHz ni wọ́n rò pọ̀, tí wọ́n wá sún un sókè di 1200. Bí 5GHz ò bá sí, níbo ni 1200 ti wá? Mo jókòó tì í, kò ju mítà kan lọ, Link speed (ìyára tó wà láàárín fóònù àti repeater) tí fóònù mi kọ ni 72Mbps. Àbúrò wa tú síkúrù abẹ́ rẹ̀. Áńtẹ́nà méjì ní wáyà dúdú tín-ín-rín tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Méjì yòókù, ike òfìfo ni, gúlù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Mo fi ìka yí ọ̀kan, ó yọ sí mi lọ́wọ́.

Ká tiẹ̀ ní ojúlówó ni, irú repeater oní-2.4GHz nìkan bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà tó fi ń gbọ́ ti ráútà ló fi ń dá fóònù lóhùn, bí ìdajì ìyára ṣe ń lọ nìyẹn. Wáyà ni kẹ́ ẹ fà. Kẹ́ ẹ sì fi abẹ́ ha irin inú wáyà náà wò: bí pupa rẹ̀ bá ṣí, tí funfun yọ lábẹ́, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni.

Ẹ gbé laptop àti wáyà kúkúrú kan dání lọ sí ìsọ̀. Iná tó tàn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ fi dátà fóònù yín ṣètò rẹ̀ níbẹ̀, lórúkọ yín, pẹ̀lú password yín, kó parí, kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá ní "Mọ́mì, ẹ máa ṣe é nílé", ẹ dìde. Ẹ fi MAC address (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́kì) ẹ̀yìn rẹ̀ wé ti páálí àti èyí tó jáde lójú laptop; lẹ́tà tàbí nọ́ńbà díẹ̀ lè yàtọ̀ lójú laptop, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn àti ti páálí gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́: bí páálí bá pè é ní Gigabit (1000Mbps), tí laptop tó lè gba Gigabit sì kọ 100Mbps, ẹ má rà á. Kí serial number wà lórí rìsíìtì yín.

Ní ti bébà ara ògiri, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sì ti sọ pé irú bébà bẹ́ẹ̀ ò bófin mu. Mo ti kọ̀wé sí wọn, mo fi rìsíìtì mi àti fọ́tò áńtẹ́nà òfìfo yẹn tì í.

Access point funfun yẹn ṣì wà lọ́jà. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ síwájú yín nínú náílọ́ọ̀nù, ẹ yí i dojú dé, ẹ fi èékánná ṣí igun bébà ẹ̀yìn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òjìji "Boardroom 2", ẹ gbé e kalẹ̀ fún wọn.