Ilé Kọfí kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́, fún Ẹni tí ó ń Tú Krọ́síwọ́ọ̀dù Líle

Ilé kọfí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, ní ìhà ibi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó pọ̀ sí. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ oníbàárà. Krọ́síwọ́ọ̀dù, eré fífi lẹ́tà ìdáhùn kún àwọn àpótí kéékèèké, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cryptic, ni mo máa ń gbé lọ síbẹ̀, tí mo ti tẹ̀ sórí bébà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé e sí lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ohun tí mo ń wò ni bóyá ènìyàn lè jókòó pẹ́ níbẹ̀, kí ó ronú jinlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú lé e dìde. Ó ṣeé ṣe níbẹ̀, àfi fún ohun kan tí n ó sọ.

Krọ́síwọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, èyí tí Arthur Wynne gbé jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1913, kò béèrè ju ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Ti cryptic le jù bẹ́ẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ni gbólóhùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ohun kan ni ó ń sọ ní òde, ohun mìíràn ni ó fi sínú. Ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà tàbí ìparí rẹ̀ ni ìtumọ̀ ìdáhùn sábà máa ń wà, apá tí ó kù a sì máa sọ bí a ó ṣe fi lẹ́tà kọ́ ìdáhùn kan náà. Ẹ wo èyí tí mo hun fúnra mi: “Some cocoa tin cover”, ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin. Ẹni tí a tọ́ dàgbà láàárín oko kòkó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó yóò kọ́kọ́ rí agolo kòkó àti ìdérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ “some” ni láti ní kí a mú díẹ̀ lára ohun tí ó tẹ̀lé e, bí a bá sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín “cocoa”, tí a fo àlàfo kọjá sí orí lẹ́tà àkọ́kọ́ “tin”, “coat” ni a ó bá pàdé, “cover” sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́. Òtítọ́ inú yìí ni Derrick Macnutt, olùkọ́ tí ó ń lo orúkọ Ximenes nínú ìwé ìròyìn The Observer láti ọdún 1939, gbèjà rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1966, mo sì gbà pé òun ni ó mú kí eré yìí yẹ fún wákàtí àgbàlagbà, nítorí ẹni tí kò tíì rí ìdáhùn mọ̀ dájú pé ọ̀nà wà.

Ẹni tí ó bá ń tú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí nínú etí ọkàn rẹ̀, ó ń gé e, ó ń da lẹ́tà rẹ̀ rú, ó sì ń tún un tò. Ìdí nìyí tí ariwo èrò kò fi ba ilé kọfí yìí jẹ́ fún mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a máa dúnàádúrà ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, a máa jiyàn, ọ̀kadà a sì máa ké níta, ṣùgbọ́n Yorùbá ni púpọ̀ nínú ariwo náà, kò sì kan àwọn lẹ́tà tí mo ń tò. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ òkè káńtà ni ó ń dí mi lọ́wọ́. Bí asọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a wọ àárín èyí tí mo ń yí lọ́wọ́, lẹ́tà mẹ́jọ tí mo ti kó jọ a sì fọ́n ká.

Kọfí dúdú wọn dára púpọ̀: ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń sè é, ó lágbára, kì í sì í korò jù. Owó rẹ̀ tó owó oúnjẹ ọ̀sán ní búkà, ṣùgbọ́n ìjókòó wà nínú ohun tí a ń san owó fún. Mítí páì wọn gbẹ. Tábìlì kékeré tí ó wà nítòsí ilẹ̀kùn kò lè gba bébà, ìwé atúmọ̀ èdè àti ife papọ̀. Ti ẹ̀bá ògiri ni ó fẹ̀. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ínfátà a gbà á lójú ẹsẹ̀, ojú kì í sì í ṣókùnkùn mọ́ ẹni lórí ìwé.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ẹ̀kọ́ ilé. “Ẹ kú ìkàlẹ̀, bàbá” ni wọ́n fi ń kí mi, wọn kì í sì í fi ọwọ́ kan bébà mi láìgba àṣẹ. Ọmọbìnrin kan nínú wọn a máa béèrè pé, “Bàbá, ṣé kí n bá yín gbé ife yìí kúrò?” kí ó tó na ọwọ́, a sì máa gbé omi tútù jìnnà sí ìwé kí ó má baà rin ín.

Mo ti bẹ ọ̀gá ibẹ̀ pé kí wọ́n máa dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù ní àárọ̀, ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé tí bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì bá wà, kí ẹni tí ó ní krọ́síwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ jókòó sí ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́, kí ó tètè dé kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, kí ó sì béèrè tábìlì ẹ̀bá ògiri.