Tusci tàbí Rasenna: Orúkọ wo ló yẹ àwọn ará Etruria?

Láyé àtijọ́, àwọn ará Róòmù ní orúkọ méjì fún àwọn aládùúgbò wọn ní àríwá odò Tiber ní Ítálì: Tusci àti Etrusci. Etruria ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn. Àwọn Gíríìkì ní tiwọn, Tyrrhenoi. Livy, òpìtàn Róòmù, kọ ọ́ pé orúkọ àwọn Tusci ni òkun ìwọ̀-oòrùn Ítálì ń jẹ́, àti pé ìlú wọn kan ni òkun Adriatic ti gba orúkọ tirẹ̀. Títí dòní, orúkọ tí àlejò fún wọn yìí ni Toscana, ẹkùn kan ní Ítálì, ṣì ń jẹ́.

Rasenna ńkọ́? Dionysius ará Halicarnassus, òpìtàn Gíríìkì tó gbé ní Róòmù láyé olú ọba Augustus, ló sọ pé orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn nìyẹn, àti pé ara orúkọ olórí wọn kan ló ti wá. Ọ̀rọ̀ náà "rasna" sì wà lóòótọ́ nínú àkọlé tí àwọn fúnra wọn fín. Àmọ́ ibẹ̀ ló ti le díẹ̀: àwọn onímọ̀ kan gbà pé "ti gbogbo ìlú" ló túmọ̀ sí, kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà.

Bí mo bá ń sọ ìtàn Veii, ìlú wọn kan tí Róòmù ṣẹ́gun ní 396 ṣáájú ìbí Kristi, Etrusci ni mo máa ń lò, torí ẹnu Róòmù la ti gbọ́ ìtàn ọ̀hún. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń wo àwòrán ara ògiri ibojì ní Tarquinia, ìlú wọn mìíràn, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti jọ rọ̀gbọ̀kú síbi àsè, Rasenna ló ń wá sí mi lẹ́nu.