CRU lábẹ́ àyẹ̀wò: ó mọ owó gbà padà, kò mọ èsì sọ

Bí ọlọ́pàá bá fi ipá gba owó lọ́wọ́ èèyàn lójú pópó ní Nàìjíríà, Complaint Response Unit, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú lórí ọlọ́pàá, tí gbogbo ayé ń pè ní CRU, ni ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹjọ́ náà dé. Ọ̀fẹ́ ni. Kò gba lọ́yà. Èèyàn ò sì ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà lọ bá àwọn tó gba owó ọ̀hún kó tó rojọ́. Ká sọ tòótọ́, wọ́n mọ owó gbà padà. Àmọ́ kéèyàn mọ ohun tí wọ́n fi ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ ṣe, ìyẹn ló kù díẹ̀ káàtó, díẹ̀ náà kò sì kéré.

Oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni Solomon Arase, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, dá ẹ̀ka yìí sílẹ̀ ní oríléeṣẹ́ wọn ní Àbújá. PCRRU, ìyẹn Public Complaint Rapid Response Unit, ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ló wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, tí kì í fi í ṣe ohun tí ọ̀gá tuntun kan lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ò ṣe mọ́. Àwọn nọ́ńbà ayé PCRRU ṣì ń kiri lórí WhatsApp o. Ẹ má pe èyí tí ẹnì kan kàn fi ṣọwọ́ sí yín. Ojúewé ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ tàbí @PoliceNG_CRU lórí X ni kí ẹ ti mú nọ́ńbà.

Ẹ lè pè wọ́n, ẹ sì lè kọ ọ́ ránṣẹ́. Kíkọ ló dáa jù, torí ohun tí ẹ kọ wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá ti gba ẹ̀sùn wọlé, wọ́n máa ń fún èèyàn ní nọ́ńbà tó máa fi tọpa rẹ̀. Bí wọn ò bá fún yín, ẹ béèrè. Ẹ̀sùn tí kò ní nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Bí wọ́n ṣe kọ ẹ̀sùn ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. "Ọlọ́pàá jà mí lólè ní Ìbàdàn, ẹ gbà mí o": ta ni kí wọ́n pè lórí ìyẹn? Ẹ fi wé èyí: "Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, níwájú ilé epo tó wà ní ìyànà ọjà, ọlọ́pàá mẹ́rin nínú bọ́ọ̀sì funfun dá mi dúró. Báyìí ni orúkọ tó wà láyà ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní kí n fi 45,000 náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì oní-POS kan." Pẹ̀lú ìyẹn, ẹni tó jókòó sí Àbújá lè pe DPO, ìyẹn ọ̀gá tẹ́ṣàn, àdúgbò náà kó béèrè ikọ̀ tó wà lójú ọ̀nà lásìkò yẹn. Ìwé wà tó máa dá a lóhùn. Inú dáyárì tẹ́ṣàn ni wọ́n ń kọ àwọn tó jáde lọ síṣẹ́ sí, ẹni tó bá sì gba ìbọn gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kó tó gbà á. Ìdí nìyí tí aago àti ibi pàtó fi máa ń ṣiṣẹ́ ju orúkọ lọ, pàápàá tó bá jẹ́ pé aṣọ ilé ni wọ́n wọ̀, tí ọkọ̀ wọn ò sì ní nọ́ńbà NPF.

Ọ̀rọ̀ POS yìí gba àlàyé. Àwọn ọlọ́pàá tó ń gba owó kì í sábà gbà á sínú àkáǹtì ara wọn. Wọ́n á mú èèyàn lọ sídìí oní-POS, á fi owó ránṣẹ́, oní-POS á sì ka náírà lé wọn lọ́wọ́. Orúkọ oní-POS ló máa wà lórí rìsíìtì, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì rò pé ẹ̀rí ti bọ́ nìyẹn. Kò bọ́. Bó bá jẹ́ káàdì ni ẹ fi sanwó, nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wà lórí bébà tó tú jáde, ìyẹn Terminal ID, òun ló ń fi ṣọ́ọ̀bù hàn. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ ti fi ránṣẹ́, Session ID onínọ́ńbà ọgbọ̀n wà lórí rìsíìtì inú áàpù báńkì yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ẹ̀sùn náà bó ṣe wà, ẹ má fo ọ̀kan. Bébà POS yẹn ńkọ́? Ooru àpò lásán tó láti pa á rẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé Àbújá á kàn sí kọmíṣọ́nà tàbí DPO, wọ́n á sì pe àwọn ọlọ́pàá náà kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, agbẹ́jọ́ẹnìkandá àgbà òṣìkà ni. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí owó bá ti padà. Wọ́n lè ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé ẹ ti fà á sẹ́yìn. Ẹ má kọ bẹ́ẹ̀. "Mo ti gba 45,000 náírà mi padà lónìí" ti tó, kí ẹ sì kọ déètì sí i. Owó tó padà kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ di òfo, ẹni tó bá sì fa ẹ̀sùn sẹ́yìn ti ilẹ̀kùn mọ́ ìgbẹ́jọ́ tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Ti béèlì yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tẹ́ṣàn pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ẹni tó jókòó sábẹ́ àkọlé náà á sì ní kí ẹ mú owó wá. Onídùúró tó ní àdírẹ́sì àti káàdì ìdánimọ̀ ni béèlì ń fẹ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gba obìnrin gẹ́gẹ́ bí onídùúró, irọ́ ni: òfin ìdájọ́ ìwà ọ̀daràn ti ọdún 2015, ACJA, sọ pé a ò gbọ́dọ̀ tìtorí pé èèyàn jẹ́ obìnrin kọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó máa bá ẹbí wí tó bá san owó kí ọmọ wọn má sùn mọ́jú ní àtìmọ́lé, ṣùgbọ́n tó bá ti di dandan, tiránsífà ni kó jẹ́, kó má jẹ́ owó ọwọ́. Ẹ tún wo aago. Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ kan péré ni, níbi tí kóòtù bá ti wà láàárín 40 kìlómítà, kí wọ́n tó gbé èèyàn lọ síwájú adájọ́. Ìbàdàn àti Èkó ò ní àwíjàre kankan lórí ìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá mú nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, kí ẹbí rẹ̀ kọ wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀, torí Jímọ̀ yẹn kì í sábà ṣèèṣì: kóòtù kì í sábà jókòó lópin ọ̀sẹ̀.

Ohun tí CRU ò lè ṣe fún yín ni gbèsè gbígbà àti ẹjọ́ tó ti wà ní kóòtù. Ọlọ́pàá fúnra wọn ò láṣẹ láti mú èèyàn torí gbèsè lásán.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ìyà. Láti orí Constable dé Inspector, inú ilé ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní orderly room trial. Láti orí ASP (Assistant Superintendent) sókè, Police Service Commission, PSC, ló láṣẹ lórí ìjìyà wọn. Nítorí náà, bí ẹni tó ṣẹ̀ bá jẹ́ ASP tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn kejì sí PSC ní Àbújá, ẹ má dúró de CRU. Àléébù ńlá ibẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn orderly room máa ń wà ní títì. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ọlọ́pàá, kó tiẹ̀ ṣe é dáadáa, aráàlú ò rí i. Ní ọdún 2020, lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, ìgbìmọ̀ tí adájọ́ Doris Okuwobi ṣe olórí rẹ̀ l'Ékòó gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba: wọ́n ní kí ọlọ́pàá dúró, lọ́yà ẹni tó fẹ̀sùn kàn án sì da ìbéèrè bò ó lójú gbogbo èèyàn. Owó gbà-máà-bínú tí wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n san fún àwọn tí ìyà jẹ lé ní 400 mílíọ̀nù náírà. Gbangba yẹn ni CRU ò ní. Bí wọ́n bá lè máa fi lẹ́tà ṣókí kan ránṣẹ́ sí olùfisùn pé wọ́n rẹ ipò ẹni báyìí sílẹ̀, tàbí pé ẹ̀rí ò tó, ìgbẹ́kẹ̀lé á yàtọ̀ gan-an.

Ariwo náà tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n pariwo lórí X máa ń yára ju ti ẹni tó rọra pè lọ, ìyá alákàrà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò sì ní X. Bí ẹ bá sì máa pariwo, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ, ẹ má bú ẹnikẹ́ni, torí òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ni ọlọ́pàá fi ń gbé àwọn tó bá bú wọn.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí kọmíṣọ́nà ìpínlẹ̀ yín, bí Elẹ́yẹlé n'Íbàdàn tàbí Ẹlẹ́wẹ̀ẹ́ràn l'Ábẹ́òkúta, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, tó ti wà láti ọdún 1975 tí kì í sì í gba kọ́bọ̀. Nọ́ńbà CRU yín ni kó wà lókè ìwé náà. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ọ̀kan fún yín. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìtọ́ sì lè gba kóòtù lọ: abala 35 kan náà fún un ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba, ìlànà ọdún 2009 lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sì sọ pé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jù láti pè.