Owó Ìrànwọ́ HBIIP: Epo Àpòpọ̀ Wo Ló Yẹ fún Un?

Nínú gbogbo ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò láti ran àwọn tó ń ta epo tí wọ́n fi irè oko pò lọ́wọ́, HBIIP (Higher Blends Infrastructure Incentive Program, ètò owó ìrànwọ́ fún ohun èlò tí wọ́n fi ń ta epo àpòpọ̀), ti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn, ló sọ epo tó yẹ láìfepo bọyọ̀. Bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 10 nínú 100 ethanol (ọtí tí wọ́n fi irè oko bí àgbàdo ṣe) lọ. Dísù gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 5 biodiesel (irú dísù tí wọ́n fi òróró irè oko tàbí ọ̀rá ẹran ṣe) lọ. E10, ìyẹn bẹntiróòlù tó ní ìdá 10 ethanol, tó kún ilé epo káàkiri níbẹ̀, kò wọlé. E15, E85 àti B20 (dísù tó ní ìdá 20 biodiesel) wọlé. Ààlà yìí tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí kò sí ìdí tí ìjọba fi máa náwó sórí ohun tí ọjà ti gbà tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe epo fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún o, bí kò ṣe páǹpù, tánkì àti ohun èlò tó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020 pẹ̀lú mílíọ̀nù 100 dọ́là, kò ju ìdajì owó iṣẹ́ tí wọ́n lè gbé; òfin ọdún 2022 pèsè mílíọ̀nù 500 dọ́là sí i, ó sì jẹ́ kí ìpín ìjọba lè dé ìdá 75. Àpò onílé epo ni ìyókù yóò ti jáde, ibẹ̀ ló sì ti le fún oníṣòwò kékeré. Kò sì lè torí E15 pa E10 tì, nítorí lára páǹpù E15 ni wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ ìwé aláwọ̀ ọsàn tó sọ pé ọkọ̀ ọdún 2001 sókè àti ọkọ̀ flex-fuel (èyí tí wọ́n ṣe kó lè lo bẹntiróòlù tí ethanol pọ̀ nínú rẹ̀) nìkan ló wà fún, tó sì ka ọkọ̀ ojú omi léèwọ̀.

Ẹni tó bá rò pé ohun tí HBIIP gbà ni gbogbo òfin gbà yóò ṣìnà. Lábẹ́ òfin agbára ti ọdún 1992 (Energy Policy Act), E85 àti biodiesel ògidì jẹ́ epo àfidípò, ìyẹn epo tí òfin kà sí arọ́pò bẹntiróòlù àti dísù, ṣùgbọ́n B20 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́kọ̀ púpọ̀ tí òfin náà dè lè rí kírédíìtì (máàkì tí wọ́n fi ń ṣírò bí wọ́n ṣe pa òfin náà mọ́) lórí B20, àmọ́ biodiesel inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà: galọ́ọ̀nù 450 fún kírédíìtì kan, ìyẹn galọ́ọ̀nù 2,250 tí a bá ka àpòpọ̀ náà lódindi. Onílé epo lè tipa bẹ́ẹ̀ gba owó ìrànwọ́ ra tánkì B20, kí iléeṣẹ́ tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ má sì rí i kà sí epo àfidípò.