Wọ́n ní ó ti parí: oṣù mẹ́ta mi lọ́wọ́ àwọn oní-Agile

Bọ́tìnnì kan ló mú mi kọ èyí, bọ́tìnnì "Fi rìsíìtì ránṣẹ́".

Agile ni ẹgbẹ́ tí mo gbé áàpù ìtajà mi fún ń lò: wọn kì í kọ sọ́fítíwià lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méjì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pè ní sprint. Ní òpin sprint kẹfà, wọ́n pè mí wá wo iṣẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Káàdì tí wọ́n kọ iṣẹ́ rìsíìtì sí ti wà lábẹ́ "Done" (ó ti parí) lórí pátákó. Ọ̀gá wọn tẹ bọ́tìnnì lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, rìsíìtì jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní kí n fi fóònù tèmi tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan tẹjú mọ́lẹ̀, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá wáyà tí kò sọnù. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kàn ń yí bí òkòtó.

Ọ̀gá wọn ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, Agile la ń ṣe. Ó di sprint tó ń bọ̀." Mo béèrè ibi tí wọ́n kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ó ní Agile kì í kọ nǹkan sílẹ̀.

Irọ́ gbuu. Mo lọ ka ohun tí àwọn ènìyàn 17 fẹnu kò lé lórí nípa Agile ní Snowbird, ní Utah, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2001. Kò kún ojú ìwé kan. Wọ́n ní sọ́fítíwià tó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú ìwé rẹpẹtẹ, wọ́n sì ní ìwé náà wúlò. Tèmi ò ṣiṣẹ́, kò sì níwèé. (Ìpàdé òwúrọ̀ oníṣẹ́jú 15 wọn náà, mo fi ìṣẹ́jú 50 dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.)

Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Sprint kẹta ni mo tó mọ̀ pé àwọn oníbàárà ò fẹ́ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó rajà, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo pàṣẹ rẹ̀. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n yọ káàdì méjì, wọ́n fi tèmi rọ́pò, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó ti dọ́wọ́ oníbàárà. Ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ lò ṣáájú wọn ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan gbáko, wọ́n gbé ohun tí mo kọ gẹ́lẹ́ fún mi, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin tó ń dán iṣẹ́ wò láàárín wọn ló kó wa yọ. Nígbà tí wọ́n jókòó yẹ ara wọn wò, ó ní, "Láti sprint kejì ni mo ti ń sọ ọ́, a ò tíì fẹnu kò lórí ohun tí 'Done' jẹ́." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó dìde, ó kọ ọ́ sórí pátákó pé ó dìgbà tó bá ṣiṣẹ́ lórí fóònù oníbàárà. Lọ́jọ́ kẹta, rìsíìtì wọlé sórí fóònù mi. Ọ̀gá ò tíì tọrọ àforíjì o.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti fọwọ́ sí sprint mẹ́fà mìíràn.