Google Earth Pro fún olùkọ́ ìtàn ní Epe: ẹ wo oko àwọn ará Róòmù láti òkè

Olùkọ́ ìtàn tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fojú rí ahoro oko àti ilé iṣẹ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́, kó gba Google Earth Pro, ètò tó ń fi àwòrán ilẹ̀ ayé láti òkè hàn, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Dọ́là 399 lọ́dún ni tẹ́lẹ̀. Láti 2015 ló ti di ọ̀fẹ́. Bọ́tìnnì aago tó wà lókè, tó ń ṣí àwòrán àwọn ọdún tó ti kọjá, ni gbogbo agbára rẹ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ ilé oko Róòmù ni ògiri rẹ̀ ti wó tán. Ìpìlẹ̀ òkúta nìkan ló kù, lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin àlìkámà sí. Erùpẹ̀ orí ìpìlẹ̀ kò jìn, omi tètè ń gbẹ níbẹ̀, ọkà á kúrú, á sì pọ́n ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbi tí kòtò àtijọ́ ti dí, erùpẹ̀ jìn, ewé á tutù yọ̀yọ̀. Ìgbà ọ̀dá ni èyí máa ń hàn jù. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń wò, ẹ fa aago padà sí ìgbà ooru 2018. Ẹ sún mọ́lẹ̀ títí eye alt (iye gíga tí ẹ ti ń wo ilẹ̀, tó wà nísàlẹ̀ àwòrán) á fi tó nǹkan bíi 500 mítà, kí ẹ wá ìlà tó tọ́, tó ní igun, yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá. Ìlà kan ṣoṣo tó lọ gbọọrọ lè jẹ́ ojú páìpù lásán. Irú àmì báyìí ni Luca Mori, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, rí ní àgbègbè Sorbolo ní Ítálì ní 2005. Àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù Parma yẹ̀ ẹ́ wò, ilé oko Róòmù ni lóòótọ́.

Fún ilé iṣẹ́, Barbegal nítòsí Arles ní Faransé ló dára jù: ahoro ilé ọlọ ìyẹ̀fun tó ní kẹ̀kẹ́ olómi 16 nígbà náà, mẹ́jọ lápá kọ̀ọ̀kan, ṣì wà ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ẹ má fi Villa Romana del Casale ní Sicily ṣòfò dátà. Òrùlé tí wọ́n fi bò ó nìkan lẹ máa rí.

Àbùkù rẹ̀ ni pé àwòrán ọdún kan sí òmíràn máa ń yẹ̀ ní mítà díẹ̀, torí náà ojú àwòrán ọdún kan náà ni kí ẹ ti fi Ruler, irinṣẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, wọn nǹkan. Ó tún ń jẹ dátà gan-an. Ní Tools, lábẹ́ Options, ẹ fi Disk Cache (àyè tó ń tọ́jú àwòrán sí lórí kọ̀ǹpútà) sí 2000 MB, kí ẹ ṣí gbogbo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lò níbi tí Wi-Fi wà. Àwọn àwòrán náà á ṣì wà nílẹ̀ bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ ní kíláàsì.

Ṣùgbọ́n fún Eredo Sungbo tiwa, tó lé ní 160 kìlómítà, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, kò ràn wá lọ́wọ́. Igbó bò ó, ewé nìkan lẹ máa rí. Ibẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn ín, pẹ̀lú ẹni tó mọ ọ̀nà.