SDL_SaveBMP tàbí IMG_SavePNG: èwo ni ká fi tọ́jú àwòrán?

Nínú SDL2 (àkójọ kóòdù C fún eré àti àwòrán), SDL_SaveBMP, tó ń kọ fáìlì BMP, ló yá jù. Inú SDL gan-an ló wà. Surface (àwòrán tó wà nínú mẹ́mọ́rì) àti orúkọ fáìlì nìkan ló ń béèrè. Àmọ́ kì í fún àwòrán pọ̀: èyí tó jẹ́ 800 × 600 tí kò ní alpha (ìwọ̀n bí a ṣe lè rí ẹ̀yìn àwòrán gba inú rẹ̀) á gba báìtì 1,440,054, ì báà jẹ́ funfun báláú lásán. Fún àyẹ̀wò kóòdù, ó tó bẹ́ẹ̀.

IMG_SavePNG, tó wá láti inú SDL2_image, àfikún SDL, á sọ irú àwòrán funfun bẹ́ẹ̀ di bíńtín láìba àwọ̀ kankan jẹ́. Òun ni mo máa fi lé oníbàárà lọ́wọ́, pàápàá bí alpha bá wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ètò kì í ka alpha inú BMP. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ fi -lSDL2_image kún àṣẹ gcc (tó ń sọ kóòdù di ètò), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ linker (tó ń so àwọn apá kóòdù pọ̀) á pariwo "undefined reference".

Àwọn méjèèjì ń dá 0 padà bó bá yọrí. Nínú SDL3, SDL_SaveBMP ti yí padà: true ni àṣeyọrí, nítorí náà if àtijọ́ tó ń wá 0 á máa purọ́ fún ọ.

Bí fáìlì bá dúdú kirikiri, má bá èyíkéyìí wí: pe SDL_RenderReadPixels (tó ń ka àwòrán tí o yà) ṣáájú SDL_RenderPresent (tó ń gbé e sójú iboju).